Ihò Ọgọ́ta

Yìnyín ọdún tó kọjá wúwo, ó la tunduk wa,
òrùka igi tó wà ní téńté orí àgọ́,
ibi tí èéfín ń gbà jáde, tí ìràwọ̀ ń gbà wọlé.
Bàbá àgbà tẹ igi wílò tuntun lórí ooru omi híhó,
ó so ó lórí so ó nídìí, ó di róbótó.
Ó ní, "Ayzirek, ojú mi ti ṣú.
Ìwọ ni o máa sàmì sí ihò.
Ọgọ́ta ni. Kí ọ̀kan má ṣe rẹ́ ìkejì jẹ."

Mo yọ ìwọ̀n-igun oníke mi nínú àpò ìwé,
èyí tí ọmọ Satkyn ti jẹ létí.
Àárín dà, tí n ó gbé e lé?
Òrùka ò ní àárín tí ọwọ́ lè kàn;
koríko ló wà níbẹ̀, àti kòkòrò kan tó ń lọ sọ́nà tirẹ̀.
Mo na okùn méjì la òrùka já níbi tó fẹ̀ jù,
ibi tí wọ́n ti dábùú ara wọn,
mo kan èèkàn mọ́lẹ̀.

Mo ní: òbìrìkítí kan, ọ̀tàlélọ́ọ̀dúnrún dígírì.
Ẹ pín in sọ́nà ọgọ́ta,
mẹ́fà ló kan àlàfo kọ̀ọ̀kan.
Bàbá àgbà ní, "Mẹ́fà kí ni?"
"Dígírì."
"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

Láti ihò dé ihò, igi tẹ̀ bí ọrun;
bí mo bá na okùn tààrà láàrin wọn, ọsán ọrun nìyẹn.
Ọdẹ ti sọ wọ́n lórúkọ kí ìwé tó dé.
Mo ń sàmì, mo ń kà, oòrùn ń rọ̀ lókè Kochkor.
Mo gbọ̀n díẹ̀ níhìn-ín, mo yẹ̀ díẹ̀ lọ́hùn-ún,
ìwọ̀n irun orí kan péré;
nígbà tí mo dé òpin, àlàfo tó ṣẹ́kù ò tó mẹ́rin.

Kò bá mi wí.
Ó gé okùn láti èèkàn dé etí igi,
ó fi ṣe ọsán, ó nà án láti àmì dé àmì:
ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ó ń fọwọ́ ríran,
ìkẹfà sì padà fẹnu ko àmì àkọ́kọ́.
Kò lé, kò dín.
Mo fi igi ya á sílẹ̀:
ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta dọ́gba, igun mẹ́ta dọ́gba,
ọgọ́sàn-án tí a pín sí mẹ́ta.
Ọgọ́ta dígírì ló ṣí sílẹ̀ lójú èèkàn,
àlàfo mẹ́wàá fún okùn kọ̀ọ̀kan.
Ó ti ń fi èyí kọ́lé láti ìgbà èwe,
kò bèèrè orúkọ rẹ̀ rí.

Ìyá àgbà Burulkan da wàrà ẹṣin sínú àwo,
ó ní, "Ẹnu ọ̀nà gba àlàfo méje. Mélòó nìyẹn, ọ̀mọ̀wé?"
Mo ní, "Méjìlélógójì."
Ó ní ó dára, kí n wá gbé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí a gbé ọ̀pá dúró, mo wòkè, mo wolẹ̀.
Lókè, ìka mẹ́ta ló kún àárín ọ̀pá méjì;
nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti fara ti ògiri,
ọ̀dọ́ àgùntàn lè ki orí bọ ibẹ̀.
Ọrun ti gùn, igun ò yí.
Mẹ́fà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀.

Lálẹ́, Ẹ̀gbọ́n Ermek pè láti Mọsko,
símẹ́ńtì ṣì wà lóhùn rẹ̀.
Ó ní ọ̀nà jìn.
Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.
Mo ní, ọ̀pá tìrẹ ti wọ ihò kẹtàdínlógún.
Ó dákẹ́ pẹ́.
Lẹ́yìn náà ló bèèrè
bóyá ajá ti bímọ.